Ọjọ́ Mélòó Ni Ó Tó Láti Fi Wo Àwókù Róòmù Àtijọ́?

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn ará wa ni ó ń gba ìlú Róòmù kọjá nísinsìnyí. Àwọn kan ń ti ibẹ̀ lọ sí Jerúsálẹ́mù. Àwọn mìíràn ń lọ kí àwọn ọmọ wọn tí ń ṣiṣẹ́ tàbí tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Ítálì. Àwọn ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ sì ń fi owó tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ lọ wo ìlú tí Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù kọ ìwé sí. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn máa ń bi wá kí wọ́n tó gbéra: ọjọ́ mélòó ni ó tó láti fi wo àwókù àwọn ará Róòmù àtijọ́? Àwọn tí ń ṣètò ìrìn-àjò a máa sọ fún wọn pé ọ̀sán kan ṣoṣo ti tó. Wọn a kó wọn sínú bọ́ọ̀sì, wọn a fi ilé ìran ńlá hàn wọ́n, wọn a fún wọn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti ya àwòrán, ó sì parí. Ẹni tí ó náwó a padà wálé pẹ̀lú àwòrán òkúta, láìmọ ohun tí òkúta náà ń wí. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ìtàn ni a fẹ́ fi dáhùn ìbéèrè yìí. Ní tiwa, bí ibi kan ti tóbi tó kọ́ ni a fi ń mọ ìwọ̀n àkókò tí ó yẹ ẹ́, bí kò ṣe bí ó ti di ahoro. Ìlú tí ó kú lójijì yàtọ̀ sí èyí tí ó gbó díẹ̀díẹ̀, èyí tí ó gbó díẹ̀díẹ̀ sì yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ènìyàn fi sílẹ̀ lọ nítorí pé omi tí ó ń bọ́ ọ ti yí ipa ọ̀nà rẹ̀ padà. Ẹni tí ó bá mọ irú ikú tí ìlú kan kú ni ó lè mọ iye wákàtí tí yóò fi bẹ̀ ẹ́ wò.

BÍ ÀWỌN TI ÌṢÁÁJÚ TI ṢE É

Ìbéèrè tí àwọn ará wa ń bèèrè kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 357, Ọba Constantius, ọmọ Constantine, ẹni tí ó fún àwọn Kristẹni ní òmìnira láti sin Ọlọ́run wọn, wọ Róòmù fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ó ti jọba. Ní ìgbà náà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ńláńlá ìlú náà ṣì dúró. Nǹkan bí 30 ọjọ́ ni ó fi wò wọ́n. Ammianus tí ó kọ ìtàn náà sọ pé nígbà tí ọba dé gbàgede tí Trajan kọ́, ẹnu yà á gidigidi. Ó ní òun kò lè kọ́ irú rẹ̀ láéláé, ṣùgbọ́n òun lè ṣe irú ère ẹṣin Trajan tí ó wà láàárín rẹ̀. Ọmọ aládé Páṣíà kan, Hormisdas, tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dá a lóhùn pé kí Kábíyèsí kọ́kọ́ kọ́ ilé ẹṣin tí ó tó bẹ́ẹ̀ ná, kí ẹṣin náà lè rí ibi na ẹsẹ̀ sí.

Lẹ́yìn èyí, nígbà tí ilé ọba ti wó tí koríko sì ti bo ojú ọ̀nà, àwọn arìnrìn-àjò onísìn ṣì ń wá. Ìwé kékeré kan wà tí a pa mọ́ sí ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní Einsiedeln ní ilẹ̀ Switzerland, èyí tí a dà kọ ní ọ̀rúndún kẹsàn-án. Ìwé náà to ìlú Róòmù lẹ́sẹẹsẹ fún àlejò, láti ẹnu ibodè kan dé èkejì: ohun tí yóò rí ní ọwọ́ ọ̀tún, àti ohun tí yóò rí ní ọwọ́ òsì. Ẹni tí ó ṣe é mọ̀ pé ẹsẹ̀ àlejò kì í pẹ́ rẹ̀, àti pé ètò ni í dín àárẹ̀ kù.

Ní ọdún 1300, nígbà tí Póòpù Boniface kẹjọ kéde ọdún Júbílì, ó fi iye ọjọ́ lélẹ̀ fún àwọn tí yóò máa bẹ ilé ìjọsìn Pétérù àti ti Pọ́ọ̀lù wò: 30 ọjọ́ fún ọmọ ìlú, 15 fún àlejò. Àwa kò sí lábẹ́ àṣẹ Póòpù, ṣùgbọ́n a rí ọgbọ́n kan nínú ìṣirò yìí. Ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá ni a fún ní ọjọ́ tí ó kéré, nítorí pé a mọ̀ pé ó ti fi ọ̀nà san ìyókù.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1764, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Edward Gibbon, dé Róòmù. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ mélòó kan kọjá lọ kí ìmúkùn ọkàn tí ìlú náà fi bá òun tó rọlẹ̀, tí òun sì fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ nǹkan wò pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Láàárín àwókù náà ni èrò ti sọ sí i lọ́kàn láti kọ ìtàn ìṣubú Róòmù, iṣẹ́ tí ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1776 tí ti ìkẹyìn sì jáde ní ọdún 1788. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán kan ni wọ́n fún un, bóyá ayé ì bá má rí ìwé náà.

ÌLÚ TÍ Ó GBÓ DÍẸ̀DÍẸ̀

Róòmù kò kú ní ọjọ́ kan. Àwọn ènìyàn kò fi í sílẹ̀ rí. Orí ara rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ilé lé. Èyí ni ó mú kí gbàgede tí wọ́n ń pè ní Forum ṣòro láti lóye ju gbogbo àwókù yòókù lọ. Àfonífojì ẹlẹ́rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀ rí, kí a tó gbẹ́ ọ̀nà omi ńlá tí ó fà á gbẹ. Ibẹ̀ ni ọjà, ibẹ̀ ni ilé ẹjọ́, ibẹ̀ ni ilé ìgbìmọ̀, ibẹ̀ ni ilé òrìṣà. Nígbà tí agbára Róòmù rọ, ilẹ̀ ya bò ó, àwókù sì wó lé e, títí àwọn ará ìlú fi ń pè é ní Pápá Màlúù, nítorí pé ẹran ni ó ń jẹ níbẹ̀.

Kí àwọn ará wa wo ilé òrìṣà Antoninus àti Faustina nígbà tí wọ́n bá dé ibẹ̀. A sọ ilé náà di ilé ìjọsìn àwọn Kristẹni. Ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn náà wà lókè fíofío, kò sí àtẹ̀gùn tí ó dé ẹnu rẹ̀, ọwọ́ ènìyàn kò sì lè tó o. Kì í ṣe pé ọ̀mọ̀lé ṣe àṣìṣe. Nígbà tí a fi ilẹ̀kùn náà sí i, ibẹ̀ gan-an ni ilẹ̀ wà; gbogbo gíga tí ojú rí láti ìsàlẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà náà jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ tí àwọn awalẹ̀ ìtàn kó kúrò lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó bá dúró níwájú ilẹ̀kùn yìí fún ìṣẹ́jú márùn-ún yóò lóye ohun tí ẹgbẹ̀rún ọdún túmọ̀ sí ju ẹni tí ó sáré kọjá lọ.

Ilé kan wà ní Róòmù tí kò wó. Pantheon ni orúkọ rẹ̀, ní ìjọba Ọba Hadrian ni a parí rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 126. Òrùlé rẹ̀ rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Ìbú rẹ̀ lé ní 43 mítà, ihò kan ṣoṣo ní òkè ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ohun tí ó pa á mọ́ kò fi ara sin. Ní ọdún 609 ni a yà á sí mímọ́ gẹ́gẹ́ bí ilé ìjọsìn, láti ìgbà náà ni a sì ti ń tọ́jú rẹ̀. Àwa tí a mọ ilé alámọ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀: ilé tí ènìyàn ń gbé kì í tètè wó; ilé tí a tì pa ni òjò ń jẹ. Wákàtí kan tó fún Pantheon, nítorí pé ilé tí ó pé kì í béèrè pé kí a máa fi ọkàn tún un kọ́. Àwókù ni í gba àkókò.

ẸNU-Ọ̀NÀ MÉJÌ

Bí àkókò kò bá tilẹ̀ sí, ẹnu-ọ̀nà ìṣẹ́gun méjì wà nínú Forum tí kò yẹ kí Kristẹni kankan kọjá láìdúró.

Èkíní ni ti Titus. Ní ọdún 70 ni ọmọ-ogun Titus wó Jerúsálẹ́mù, tí wọ́n sì jó Tẹ́ḿpìlì. Lẹ́yìn tí Titus kú ní ọdún 81, àbúrò rẹ̀ Domitian kọ́ ẹnu-ọ̀nà yìí ní ìrántí rẹ̀. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, lára ògiri, àwòrán àwọn ọmọ-ogun wà tí wọ́n gbé ọ̀pá fìtílà oníka méje, àwọn fèrè fàdákà àti tábìlì Tẹ́ḿpìlì sí èjìká, tí wọ́n ń yan lọ. Ẹni tí ó ti ka ìwé Ẹ́kísódù yóò dá nǹkan wọ̀nyí mọ̀ ní ojú ẹsẹ̀. Àwọn tí ó gbẹ́ ère náà wà láàyè ní ìgbà tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣẹ̀.

Èkejì kàn wá jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọmọ Áfíríkà ni ó ni ín. A bí Septimius Severus ní ọdún 145 ní Leptis Magna, ìlú kan ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Líbíyà lónìí. Ó jọba Róòmù láti ọdún 193 títí di ọdún 211. Ní ọdún 203 ni a ya ẹnu-ọ̀nà ìṣẹ́gun rẹ̀ sí mímọ́ nínú Forum, a sì kọ orúkọ rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Caracalla àti Geta, sí i lórí. Ní ọdún 203 yẹn kan náà, ní Kátéèjì ní Áfíríkà, ìjọba Severus fi ọmọbìnrin kan tí ó jẹ́ ẹni ọdún 22 fún ẹranko níwájú èrò, nítorí pé ó jẹ́wọ́ Kristi. Perpetua ni orúkọ rẹ̀, ó sì ní ọmọ ọmú lọ́wọ́. Ẹrú kan, Felicitas, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nínú ẹ̀wọ̀n, kú pẹ̀lú rẹ̀. Ìwé tí ó sọ ìtàn wọn wí pé ayẹyẹ ọjọ́ ìbí Geta ni a fi wọ́n ṣe ìran fún.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí Geta? Ní ọdún 211, lẹ́yìn ikú baba wọn, Caracalla ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pa á, ó sì pàṣẹ kí a pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ níbi gbogbo. Kí àwọn ará wa gbé ojú sókè sí ìlà kẹrin lára ẹnu-ọ̀nà náà. Ibi tí a ti yọ orúkọ Geta, tí a fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀, ṣì hàn títí di òní. Ihò tí a fi kan lẹ́tà ìṣáájú mọ́lẹ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú lẹ́tà tí a fi bò ó. Orúkọ ọmọ ọba tí a torí ayẹyẹ rẹ̀ pa àwọn ajẹ́rìíkú ni a fá kúrò lára òkúta baba rẹ̀. Orúkọ Felicitas ẹrú, ẹ̀wẹ̀, ni ìjọ kò gbàgbé láti ìgbà náà. Kò sí bọ́ọ̀sì tí ó ń sáré tí yóò dúró fún ìlà kẹrin.

ILÉ ÌRAN ŃLÁ

Nípa Colosseum, ó yẹ kí a tún nǹkan kan ṣe tí ọ̀pọ̀ oníwàásù ń sọ. A máa ń gbọ́ pé inú rẹ̀ ni Nero ti ń fi àwọn Kristẹni fún kìnnìún. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 64 ni iná jó Róòmù tí Nero sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn Kristẹni. Inú ọgbà tirẹ̀ ni ó ti dá wọn lóró, gẹ́gẹ́ bí Tacitus ti kọ ọ́. Nero kú ní ọdún 68. Vespasian tí ó jọba lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ Colosseum, ní ibi tí adágún omi ọgbà Nero wà. Titus ọmọ rẹ̀ sì ṣí i ní ọdún 80 pẹ̀lú 100 ọjọ́ ìran. Òtítọ́ kò nílò kí a fi irọ́ ràn án lọ́wọ́. Àwọn tí ó kú níbẹ̀ pọ̀, ẹrú àti òǹdè ogun ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, ẹni tí Ọlọ́run dá ni gbogbo wọn sì jẹ́.

Gígùn ilé náà jẹ́ nǹkan bí 189 mítà, ìbú rẹ̀ 156, ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ 80, a sì fojú bù ú pé ó gba nǹkan bí 50,000 ènìyàn. Ihò kéékèèké tí ojú rí lára òkúta rẹ̀ kì í ṣe ti ìbọn: ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti yọ irin tí ó so òkúta pọ̀, láti fi ṣe nǹkan mìíràn. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1349 ni ó wó apá gúúsù rẹ̀, a sì kó òkúta rẹ̀ lọ fi kọ́ ilé káàkiri ìlú. Wákàtí méjì sí mẹ́ta ni ó tó fún un. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni a ó fi wọ Forum àti òkè Palatine. Orúkọ ẹni ni a ń kọ sí i, ó sì ní wákàtí tirẹ̀. Nítorí náà ẹni tí kò bá ti rà á sílẹ̀ lè lo òwúrọ̀ kan ṣófo lórí ìlà. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

ÌLÚ TÍ Ó KÚ NÍ ỌJỌ́ KAN

Pompeii kò rí bí Róòmù. Ní ọdún 79, òkè Vesuvius bú, ó sì fi eérú àti òkúta bo ìlú náà mọ́lẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Ọjọ́ tí a ti ń dá fún un tẹ́lẹ̀ ni 24 oṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n ní ọdún 2018 a rí ìkọ̀wé kan tí a fi èédú kọ sára ògiri, èyí tí ó tọ́ka sí oṣù kẹwàá. Pliny Kékeré, ẹni ọdún 17, rí ohun gbogbo láti òdì kejì òkun ní Misenum, ó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Tacitus. Pliny yìí kan náà ni, nígbà tí ó di gómìnà ní Bitinia, ó kọ̀wé sí Ọba Trajan láti béèrè ohun tí òun yóò ṣe sí àwọn Kristẹni.

Àwọn tí ń ka Bíbélì ní ìdí mìíràn láti fiyè sí i. Ìwé Ìṣe sọ fún wa pé Pọ́ọ̀lù gúnlẹ̀ ní Puteoli, ní etí òkun kan náà, tí ó sì bá àwọn ará gbé níbẹ̀ fún ọjọ́ méje. Nǹkan bí ọdún 60 ni èyí. Pompeii ṣì wà láàyè nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà sọ nípa Drusilla, aya Fẹ́líksì, tí ó gbọ́ ìwàásù Pọ́ọ̀lù ní Kesaréà. Josephus kọ ọ́ pé ọmọkùnrin tí Drusilla bí fún Fẹ́líksì ṣègbé nígbà tí Vesuvius bú.

Ìlú tí ó kú lójijì kò rí àyè kó ẹrù rẹ̀. Nínú ààrò ilé búrẹ́dì kan ni a ti bá búrẹ́dì 81 tí ó ti di èédú. Ìpolówó ìbò tí a fi ọ̀dà kọ sára ògiri lé ní 2,000: yan lágbájá, ènìyàn rere ni; àwa tí a mọ àsìkò ìbò ní ilẹ̀ wa kò ní ṣe àjèjì níbẹ̀. Ilé olóúnjẹ wà ní ẹ̀bá ọ̀nà, tí a rì ìkòkò mọ́ inú tábìlì wọn. Ipa ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù ṣì wà lára òkúta títì. Ní ọdún 1863, Giuseppe Fiorelli bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹfun sínú ihò tí òkú ènìyàn fi sílẹ̀ nínú eérú, ara wọn sì jáde bí wọ́n ti wà nígbà tí wọ́n kú: ẹni tí ó bo ojú, ẹni tí ó di ẹlòmíràn mú. Ní ọdún 2021, ní ilé ńlá kan lẹ́yìn odi ìlú náà, a ṣí yàrá àwọn ẹrú kan tí ó ní ibùsùn mẹ́ta, ọ̀kan kéré bí ti ọmọdé, ẹrù sì wà pẹ̀lú wọn nínú yàrá náà. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Fílémónì nítorí Ónísímù ẹrú, kí ó ronú sí yàrá yìí.

Ilẹ̀ Pompeii jẹ́ nǹkan bí 66 hẹ́kítà, a sì ti wú nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀. Ọjọ́ kan gbáko ni ó yẹ ẹ́, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Òjìji kò pọ̀ níbẹ̀. Kí àwọn àgbà wa má lọ ní oṣù keje tàbí ìkẹjọ, kí wọ́n mú omi àti fìlà dání, kí wọ́n sì wọ bàtà tí ó dúró lórí òkúta. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni a ti fi òté lé iye àlejò tí yóò wọlé ní ojúmọ́ kan, 20,000 ni.

Herculaneum, tí ó wà nítòsí, kéré, ṣùgbọ́n eérú gbígbóná tí ó bò ó mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí 20 mítà pa igi mọ́: ilẹ̀kùn, ibùsùn, àní ibùsùn ọmọ ìkókó. Ní etí omi àtijọ́, nínú àwọn iyàrá ọkọ̀ ojú omi, a rí egungun nǹkan bí 300 ènìyàn tí wọ́n ń dúró de ìgbàlà láti ojú òkun. Ààbọ̀ ọjọ́ ni ó tó fún un. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni a lè fi lọ sí Pozzuoli, èyí ni Puteoli ti Pọ́ọ̀lù. Àwọn òpó òkúta kan wà ní ọjà àtijọ́ rẹ̀ tí kòkòrò inú òkun ti lu lára, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti rì sínú omi rí, ó sì ti tún jáde.

ÌLÚ TÍ ODÒ KỌ̀ SÍLẸ̀

Ostia ni èbúté Róòmù. Nígbà tí iyanrìn dí ẹnu odò Tiber, tí òwò sì ṣí lọ, àwọn ènìyàn fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà kò sí ìlú tuntun lórí rẹ̀, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ sì ṣì dúró níbẹ̀. Ní gbàgede àwọn oníṣòwò, a fi òkúta dúdú àti funfun to orúkọ àwọn olówò ọkọ̀ sí ilẹ̀: àwọn ará Kátéèjì wà níbẹ̀, àwọn ará Sabratha sì fi erin ṣe àmì tiwọn. Ọkà Áfíríkà ni ó ń bọ́ Róòmù. Ní Ostia náà ni Monica, ìyá Augustine, kú sí ní ọdún 387, bí ó ti ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e padà sí Áfíríkà; ní ọdún 1945 ni a rí apá kan òkúta ibojì rẹ̀. Ní ọdún 1961, nígbà tí a ń la ọ̀nà lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú Fiumicino, a kan àwókù sínágọ́gù àwọn Júù. Èyí fi hàn pé Ostia kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ òfuurufú ń balẹ̀. Ààbọ̀ ọjọ́ tó o. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́, kí ó fún un ní odidi ọjọ́.

ÌṢIRÒ WA

Bí ọjọ́ kan ṣoṣo bá wà, kí a má ṣe fi í lépa gbogbo rẹ̀. Kí a fi òwúrọ̀ wo Colosseum, kí a fi ọ̀sán jókòó nínú Forum, kí a sì fi ìyókù sílẹ̀ láìkábàámọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, kí a fi ọjọ́ kejì kún un fún Pantheon, àti fún ọ̀nà Appia tí Pọ́ọ̀lù gbà wọ Róòmù. Appius Claudius ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 312 ṣáájú ìbí Olúwa wa. Lẹ́bàá ọ̀nà náà ni ihò ìsìnkú Callistus wà. Ibi ìsìnkú ni àwọn Kristẹni ìgbà náà fi ṣe, kì í ṣe ibùgbé ìfarapamọ́ bí a ti máa ń gbọ́. Kí ọjọ́ kẹta jẹ́ ti Ostia.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ méje ni ìwọ̀n tí ó tẹ́ wa lọ́rùn, iye ọjọ́ tí Pọ́ọ̀lù lò ní Puteoli. Ọjọ́ mẹ́ta tí a ti kà sílẹ̀. Ọjọ́ kẹrin fún Pompeii, tí ọkọ̀ ojú irin tí ó yá ń dé Naples ní wákàtí kan àti díẹ̀ láti Róòmù. Ọjọ́ karùn-ún fún Herculaneum àti Pozzuoli. Ọjọ́ kẹfà fún ìsìn Ọlọ́run àti ìsinmi. Ọjọ́ keje ni àwọn ènìyàn máa ń yọ kúrò, òun sì ni a kò fẹ́ kí a yọ: kí a fi padà sí Forum. Ẹni tí ó bá ti rí búrẹ́dì, ìpolówó ìbò àti ilé olóúnjẹ ní Pompeii, ojú rẹ̀ ti là. Òkúta tí ó dákẹ́ ní ọjọ́ kìíní yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ní èrò lórí, yóò ní ariwo ọjà àti ohùn ẹjọ́.

Fún àwọn ẹ̀ka ìjọ wa tí owó wọn kò gbé Ítálì, àwókù Róòmù wà ní Áfíríkà pẹ̀lú. Kátéèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ Túnísì, ọkọ̀ ojú irin kékeré ni ó ń lọ síbẹ̀. Ọjọ́ kan tó láti wo ilé ìwẹ̀ Antoninus àti ilé ìran tí Perpetua àti Felicitas kú sí. Ọjọ́ kejì tó fún El Djem ní gúúsù, níbi tí ilé ìran kan tí a kọ́ ní ọ̀rúndún kẹta dúró gọngọ láàárín ìlú kékeré. Níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò sọ fún ọmọ Áfíríkà pé ìtàn ìjọ àtijọ́ kì í ṣe tirẹ̀.

Kí àwọn tí ń gbèrò ìrìn-àjò bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Kí ẹgbẹ́ tí ń lọ pọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí ibi díẹ̀. Kí wọ́n sì sọ fún àwọn tí ń ṣètò ọkọ̀, kí owó tó kúrò lọ́wọ́, iye wákàtí tí wọ́n fẹ́ ní ibi kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Kí Olúwa tí ó ṣọ́ Pọ́ọ̀lù lójú omi àti lórí ilẹ̀ ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé gbogbo àwọn ará wa.